Láti Ìkejà dé Ìbàdàn: Ìtàn Ibùsọ̀ àti Wákàtí

Orí ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lè dà bí ọ̀rọ̀ ọmọdé lójú ẹlòmíràn: báwo ni pápá ọkọ̀ òfúrufú Ìkejà ti jìnnà sí ti Ìbàdàn tó, wákàtí mélòó sì ni ènìyàn fi ń ti ọ̀kan dé èkejì? Ẹni tí ó bá ní máàpù àti rúlà lè dáhùn apá kìíní láàárín ìṣẹ́jú kan. Apá kejì ni ó gbé mi wá síwájú yín lónìí, nítorí pé ìdáhùn rẹ̀ ti yí padà nígbà púpọ̀ láàárín ọdún tí ó lé ní 150, bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ tí ó wà láàárín Èkó àti Ìbàdàn kò fi ìgbà kan gùn sí i tàbí kí ó kúrú sí i.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mú ti máàpù kúrò nílẹ̀. Bí a bá fa ìlà tààrà láti pápá Murtala Muhammed ní Ìkejà lọ sí pápá Aláàkíà ní Ìbàdàn, ìlà náà jẹ́ nǹkan bí kìlómítà 113, èyí tí í ṣe nǹkan bí máìlì 70. Ó kọrí sí agbedeméjì àríwá àti ìlà-oòrùn. Ó gba ẹ̀bá Ìbafò kọjá, kò sì jìnnà sí Mówè; Ifọ̀ ni ó fi sílẹ̀ réré ní ọwọ́ òsì. Ìlú mẹ́ta yìí ni mo fẹ́ fi ṣe ẹlẹ́rìí. Ìwọ̀n tí Ifọ̀ àti Mówè fi jìnnà sí pápá Ìkejà fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, nǹkan bí kìlómítà 30 lójú òfúrufú. Ọ̀kan wà ní ìhà ìwọ̀-oòrùn odò Ògùn, èkejì wà ní ìhà ìlà-oòrùn rẹ̀. Ìbafò wà láàárín Mówè àti Èkó. Ìpínlẹ̀ Ògùn ni gbogbo wọn wà, ìpínlẹ̀ tí ìjọba Murtala Muhammed dá sílẹ̀ ní ọjọ́ 3 oṣù Febúárì ọdún 1976, ọjọ́ mẹ́wàá péré kí wọ́n tó pa á. Òun kan náà ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ pápá Ìkejà.

Ní ti ọkọ̀ òfúrufú fúnra rẹ̀, ìṣirò náà kò le. Ọkọ̀ ATR 72, irú èyí tí àwọn abẹ̀bẹ̀ ńlá ń fà, a máa sáré tó nǹkan bí kìlómítà 500 ní wákàtí kan nígbà tí ó bá ti dé òkè. Bí ó bá lè sáré bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò ní lo ìṣẹ́jú 14. Ṣùgbọ́n kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní láti gun òkè, kí ó kọjú sí ibi tí ó ń lọ, kí ó rọra máa wálẹ̀, kí ó sì tò sójú ọ̀nà tí yóò bà lé. Nítorí náà, nǹkan bí ìṣẹ́jú 25 sí 30 ni. Ọkọ̀ tí ó tóbi tí ó sì yára jù ú lọ kò ní fi púpọ̀ ṣáájú rẹ̀, nítorí pé kí ó tó dé ibi tí agbára rẹ̀ ti ń hàn, àkókò àtiwálẹ̀ ti tó. Ọ̀nà kúkúrú a máa sọ ẹṣin àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ di ẹgbẹ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti yà mí lẹ́nu ni pé iye ìṣẹ́jú náà kò fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà láti ìgbà tí òwò ọkọ̀ òfúrufú ti bẹ̀rẹ̀ láàárín ìlú wa. Ọkọ̀ òfúrufú dé Kánò ní ọdún 1925. Ní ọdún 1936 ni ilé-iṣẹ́ Imperial Airways bẹ̀rẹ̀ sí í ná Kánò láti Khartoum, ọdún yẹn náà sì ni wọ́n fa ọ̀nà náà dé Èkó. Nígbà ogun àgbáyé kejì ni wọ́n kọ́ pápá Ìkejà. Lẹ́yìn ogun, ní ọdún 1946, wọ́n dá ilé-iṣẹ́ West African Airways Corporation sílẹ̀ fún ilẹ̀ mẹ́rin tí ó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì: Nàìjíríà, Gold Coast, Sierra Leone àti Gambia. Ọkọ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní Dove wà lára èyí tí wọ́n kọ́kọ́ lò, kò sì sáré ju nǹkan bí kìlómítà 300 lọ ní wákàtí kan. Bí Dove bá gbéra ní Ìkejà, tí ó kọrí sí Ìbàdàn, ìdajì wákàtí tàbí kí ó lé díẹ̀ ni yóò lò. Ìyẹn ni pé ọmọ tí wọ́n bí ní ọdún 1947 ti di arúgbó báyìí, ohun tí a sì jèrè lójú òfúrufú láàárín Èkó àti Ìbàdàn láti ìgbà ìbí rẹ̀ kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Bí ojú òfúrufú kò bá yí padà, tí ilẹ̀ kò sì gùn sí i, kí ni ó wá ń yí padà? Èrò tèmi ni pé àwọn tí ó wà láàárín ọ̀nà ni wọ́n ń pinnu wákàtí, yálà wọ́n mọ̀ tàbí wọn kò mọ̀. Èdè wa pàápàá ń jẹ́rìí sí èyí. Àwọn baba wa kì í bèèrè pé máìlì mélòó ni ibì kan. Ìrìn ọjọ́ mélòó ni wọ́n ń bèèrè. Nígbà tí òyìnbó mú máìlì dé, ọ̀rọ̀ tí Yorùbá fi gbà á ni ibùsọ̀. Ibi tí a ti ń sọ ẹrù ni ibùsọ̀. Ẹni tí ó rẹrù láti Ìbàdàn lọ sí etí òkun kò lè rìn kí ó má dúró. Ó ní láti rí ẹni tí yóò bá a sọ ẹrù, tí yóò fún un lómi, tí yóò tà á ní ẹ̀kọ, tí yóò sì gbé e rù ú padà. Láìsí ẹni yẹn, ọ̀nà kò sí. Ìbejì ni ọ̀nà àti àwọn ará ọ̀nà.

Bí àwọn ará ọ̀nà bá kọ̀, ọ̀ràn bàjẹ́ nìyẹn. Ẹ rántí ogun Ìjàyè, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1860. Ẹ̀gbá bá Ìjàyè ṣe, Ìjẹ̀bú náà sì wà lẹ́yìn wọn; ọ̀nà tí Ìbàdàn ń gbà lọ sí Èkó sì dí. David Hinderer, ajíhìnrere tí ó wá láti ilẹ̀ Jámánì, àti ìyàwó rẹ̀, Anna, wà ní Ìbàdàn nígbà náà. Wọ́n há síbẹ̀ fún nǹkan bí ọdún márùn-ún. Ìyá náà ta ohun ilé rẹ̀ jẹ kí àwọn ọmọ tí ó ń tọ́ lè rí oúnjẹ. Ní ọdún 1865 ni Gómìnà Glover, ẹni tí àwọn ará Èkó ń pè ní Gólóbà, rán àwọn ènìyàn tí wọ́n gba inú igbó Ìjẹ̀bú lọ mú un jáde. Ẹ gbé èyí yẹ̀ wò: ìrìn ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún fún ẹni tí ó rẹrù di ọdún márùn-ún. Igi kan kò wó dí ọ̀nà, odò kan kò kún. Oníbodè ni ó ní kò sí ọ̀nà.

Mi ò sọ èyí láti dá Ẹ̀gbá tàbí Ìjẹ̀bú lẹ́bi o. Ẹni tí ó bá ka ìtàn náà dáadáa yóò rí i pé ohun tí wọ́n ń jẹ lórí ọ̀nà ni wọ́n ń gbèjà, àti ààbò ìlú wọn pẹ̀lú. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì mọ èyí dájú, ìdí nìyẹn tí ó fi jẹ́ pé ìbọn ni wọ́n fi ṣí ọ̀nà Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọn ní ọdún 1892.

Lẹ́yìn ìbọn ni irin dé. Ní ọdún 1896 ni iṣẹ́ rélùwéè bẹ̀rẹ̀ láti Ìdó. Ó gba Ọ̀tà, ó gba Ifọ̀, ó dé Abẹ́òkúta, ó sì dé Ìbàdàn. Ní ọjọ́ 4 oṣù Máàṣì ọdún 1901 ni Gómìnà William MacGregor ṣí i. Nǹkan bí kìlómítà 193 ni ọ̀nà irin náà, ó fi púpọ̀púpọ̀ gùn ju ìlà tààrà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ lọ, nítorí pé Abẹ́òkúta ni ó gbà yí ká. Síbẹ̀, ohun tí ó jẹ́ ìrìn ọjọ́ mẹ́rin di ìrìn ọjọ́ kan. Ọ̀nà gùn sí i, àkókò sì kúrú! Ó yẹ kí èyí kọ́ wa pé ìbátan tí ó wà láàárín jíjìnnà àti wákàtí kì í ṣe ti ìyá sí ọmọ.

Ifọ̀ ni ó jèrè rélùwéè jù nínú ìlú mẹ́ta tí mo fi ṣe ẹlẹ́rìí. Nígbà tí ó di nǹkan bí ọdún 1930, ẹ̀ka ọ̀nà irin kan ya níbẹ̀ lọ sí Ìdógò, Ifọ̀ sì di oríta. Mo lè sọ̀rọ̀ níbí gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó fojú rí i, nítorí pé Ifọ̀ ni wọ́n ti tọ́ mi. Ìyá mi ń ta ẹ̀kọ àti àkàrà ní ẹ̀bá ibùdókọ̀ rélùwéè. Kò ní aago, ṣùgbọ́n ó mọ ìgbà tí ọkọ̀ òkè ń bọ̀ àti ìgbà tí ti Èkó ń bọ̀, ìwọ̀n ìgbà tí ọkọ̀ sì fi ń dúró ni ó fi ń díwọ̀n epo tí yóò gbé kaná. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin gba iṣẹ́ rélùwéè níbẹ̀. Òun ni ó ń fi àsíá lọ́sàn-án, tí ó ń fi àtùpà lóru, sọ fún awakọ̀ pé kí ó máa bọ̀ tàbí kí ó dúró. Ó máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìtàn tí èmi ń kọ́ ní yunifásítì, òun ni ó ń jẹ́ kí ó kọjá. Ibùsọ̀ gidi ni Ifọ̀ jẹ́ ní ìgbà náà. Ọkọ̀ kò lè fò ó.

Ní ìhà kejì odò Ògùn ńkọ́? Ní gbogbo ìgbà tí Ifọ̀ ń gbọ́ fèrè rélùwéè, oko ni Mówè àti Ìbafò, abúlé àgbẹ̀ ni wọ́n, nítòsí Ọ̀fadà tí a mọ̀ fún ìrẹsì. Ọ̀nà mọ́tò méjì tí ó ti Èkó lọ sí Ìbàdàn nígbà náà kò kàn wọ́n: ọ̀kan gba Ọ̀tà, Ifọ̀ àti Abẹ́òkúta, èkejì gba Ìkòròdú àti Ṣágámù. Ọ̀nà márosẹ̀ ni ó kó wọn jáde. Ìjọba ológun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ní ọdún 1974, wọ́n sì ṣí i ní oṣù Ògọ́ọ̀sì ọdún 1978, nígbà tí Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ wà lórí oyè. Nǹkan bí kìlómítà 127 ni. Fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú ìtàn, ọ̀nà orí ilẹ̀ sún mọ́ ìlà tààrà ti òfúrufú, àwọn tí ó sì gbà á ní ọdún díẹ̀ àkọ́kọ́ rántí pé wákàtí kan àbọ̀ tó láti dé Ìbàdàn.

Ẹ jẹ́ kí á fi wákàtí kan àbọ̀ yìí wé ti ọkọ̀ òfúrufú. Èrò ọkọ̀ òfúrufú gbọ́dọ̀ ti ilé rẹ̀ ní Èkó dé Ìkejà, kí ó dé ó kéré tán ní wákàtí kan ṣáájú àkókò, kí ó fò fún ìṣẹ́jú 25, kí ó dúró de àpótí rẹ̀, kí ó sì wá ọkọ̀ láti Aláàkíà wọ ìgboro Ìbàdàn. Nígbà tí yóò bá fi ṣe gbogbo rẹ̀ tán, ẹni tí ó gba márosẹ̀ ti jẹun, ó ti sùn. Ọ̀nà márosẹ̀ ni ó na ọkọ̀ òfúrufú láàárín Èkó àti Ìbàdàn. Òun kan náà, nígbà tí ó ṣe, ni ó tún fẹ́ dá a láre.

Nítorí pé ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Èkó kún, owó ilé Èkó ń ga, àwọn òṣìṣẹ́ Èkó sì rí i pé ilẹ̀ wà ní Ìbafò àti Mówè, ọ̀nà tí ó dára sì wà lẹ́nu ilẹ̀ náà. Wọ́n ra ilẹ̀, wọ́n kọ́lé. Àwọn ìjọ ńlá náà wá ilẹ̀ síbẹ̀; láti ọdún 1983 ni ìjọ Rìdíìmù ti ní àgọ́ rẹ̀ lójú ọ̀nà náà, lẹ́yìn Mówè. Ọjà dé, ibùdókọ̀ dé, ọkọ̀ tí ó ń já èrò sí ẹ̀gbẹ́ títì dé. Ọ̀nà tí wọ́n là kí ọkọ̀ má baà dúró di ọ̀nà tí ọkọ̀ gbọ́dọ̀ dúró sí. Àwọn ibodè tí ìjọba ti ń gba owó lọ́wọ́ awakọ̀, irú èyí tí ó wà ní Ògèrè, ni wọ́n fòpin sí ní ọdún 2004. Ṣùgbọ́n súnkẹrẹ-fàkẹrẹ gba ipò oníbodè, kò sì gba owó. Ní ọdún 2013 ni àtúnṣe ńlá bẹ̀rẹ̀ lórí ọ̀nà náà, ọ̀pọ̀ ọdún sì ni àwọn tí ó ń gbà á fi ń pín ojú kan lò.

Àwọn kan máa ń sọ pé àwọn ará Mówè àti Ìbafò ni wọ́n ba ọ̀nà jẹ́. Mo kọ̀ jálẹ̀. Kò sí ibùsọ̀ tí wọ́n ṣe fún wọn nínú ètò náà rárá. Wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ṣe é ni.

Ó kù kí n sọ ohun tí ó mú mi bẹ̀rẹ̀ ìwádìí yìí. Ní oṣù Dìsẹ́ńbà ọdún 2018, mo wà ní Àbújá nígbà tí wọ́n pè mí pé àìsàn ẹ̀gbọ́n mi, ẹni tí mo sọ pé ó ṣiṣẹ́ rélùwéè, ti le, ó sì wà ní ilé ìwòsàn ní Ìbàdàn. Mo wọ ọkọ̀ òfúrufú tí ó ń lọ sí Ìbàdàn. Nígbà tí a dé òkè Ìbàdàn, ọyẹ́ ti bo gbogbo ilẹ̀, funfun báláú. Awakọ̀ yí po lẹ́ẹ̀mejì, ó wá sọ fún wa pé òun kò rí ilẹ̀ tó, Ìkejà ni òun yóò gbé wa lọ. Ó ṣe ohun tí ó yẹ kí ó ṣe. Ẹ̀mí ènìyàn ni ó kó lọ́wọ́. Kò ju ìdajì wákàtí lọ tí a fi bà lé ní Ìkejà. Aago mẹ́ta ọ̀sán kọjá díẹ̀.

Mo gba takisí. Ó di aago márùn-ún kí á tó kọjá afárá gígùn tí ó wà lẹ́bàá Kárà. Ó di aago mẹ́fà àbọ̀ kí á tó kúrò ní Ìbafò. Ní Mówè, a dúró pátápátá. Awakọ̀ pa iná ọkọ̀, ó ní, “Bàbá, ẹ jẹ́ kí á sọ̀ kalẹ̀ ná atẹ́gùn.” Ìyá kan tí ó ń sun bọ̀ọ̀lì lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì rí mi, ó fi aṣọ nu àpótí rẹ̀, ó ní, “Ẹ jókòó, bàbá. Ẹ gbé báàgì yín síbí.” Ibẹ̀ ni mo jókòó sí nígbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi pè mí. Mo gbójú sókè ní àsìkò yẹn, mo rí iná ọkọ̀ òfúrufú kan tí ó ń kọjá lọ sí ìhà àríwá. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di aago mọ́kànlá òru nígbà tí mo dé Ìbàdàn.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń kó ìwé jọ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Mo kà pé ọkọ̀ òfúrufú kan wà ní erékùṣù Orkney ní ilẹ̀ Scotland tí ìrìn rẹ̀, láti Westray dé Papa Westray, kò ju ìṣẹ́jú méjì lọ nínú ìwé àkókò wọn. Òkun ni ó wà láàárín, kò sí ẹni tí ó lè bá wọn jiyàn. Ní ilẹ̀ Faransé, láti ọdún 2023, òfin kò gba ọkọ̀ èrò láàyè mọ́ láti máa fò láàárín àwọn ìlú kan tí rélùwéè lè dé láàárín wákàtí méjì àbọ̀. Ọ̀nà Paris-Orly sí Lyon wà lára wọn. Bí a bá fi òṣùwọ̀n Faransé yìí wọn tiwa, ẹ ó rí ohun tí ó pani lẹ́rìn-ín. Ní ọjọ́ 10 oṣù Júùnù ọdún 2021 ni ìjọba àpapọ̀ ṣí rélùwéè tuntun láti Èkó sí Ìbàdàn, kìlómítà 157, wákàtí méjì àbọ̀ tàbí kí ó lé díẹ̀ ni ó sì ń gbà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sí ojú òṣùwọ̀n náà gẹ́lẹ́. Láti ibùdókọ̀ Mobọ́lájí Johnson ní Èbúté-Mẹ́ta ni ó ti ń gbéra, ó gba agbègbè Ifọ̀ lọ sí ibùdókọ̀ Wọlé Ṣóyinká ní Abẹ́òkúta, ó sì parí sí ti Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Mọ́níyà. Ìhà ìwọ̀-oòrùn odò Ògùn ni ó tún gbà. Mówè àti Ìbafò kò sí lójú ọ̀nà irin náà, bí wọn kò ti sí lójú ti ọdún 1901.

Ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn náà ti kọ́ pápá ọkọ̀ òfúrufú sí àárín Ìperu àti Ìlíṣàn. Nígbà tí mo lọ bá àwọn ará Mówè sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ yìí, ọkùnrin àgbàlagbà kan bi mí pé nínú pápá mẹ́ta, ti Ìkejà, ti Ìbàdàn àti ti Ìperu, èwo ni ó sún mọ́ ilé òun jù. Mo fa máàpù yọ. Ó ní kí n ká a, pé aago mélòó ni òun fẹ́ kí n kọ́kọ́ bi òun.